Bí Chairman Ṣe Ní Igba Ìyá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka orúkọ ọkùnrin náà tán, nítorí bí n kò bá kà á tán, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé sínú ìtàn yìí. Olóyè, Ọ̀mọ̀wé, Alàgbà Akíntóyè Oyèkànmí, Alága Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìgbórò ní Atlanta àti Gbogbo Agbègbè Rẹ̀, Baba Ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Akọrin, Ọ̀rẹ́ Àwọn Aláìsàn. Ó tán. Ẹ lè jókòó.

Ti oyè yẹn, kò sí ẹni tó rántí ọba tó fi í jẹ ẹ́. Ti Ọ̀mọ̀wé, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí kò ní ilé, tí kò sì ní ẹ̀kọ́, ló fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó fi gíláàsì bo ìwé náà, ó gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ ní Jonesboro, níbi tí ó ti ń ta ìwé adójútòfò mọ́tò. Èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni Alága, tí tèwe tàgbà ẹgbẹ́ ń pè ní Chairman. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ lórí àga náà, òfin ẹgbẹ́ sì sọ pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ lò ju ọdún mẹ́jọ lọ.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn. Ó ronú títí, ó rí ọ̀nà kan. Bí ẹgbẹ́ bá fi kọ̀ǹpútà sí ilé ìwòsàn Ìgbórò, tí àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn bọ́ sínú ẹ̀rọ, tí gbogbo ayé sì rí i bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kejì oṣù Keje, lọ́jọ́ náà gan-an ni wọn yóò dìbò láti sọ ọ́ di Alága Títí Ayé. Bridget, akọ̀wé ẹgbẹ́, ti kọ ìdìbò náà sínú ètò gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà mẹ́fà. Alága fẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ju oúnjẹ lọ. Bí ẹ bá ti rí ọkùnrin náà nídìí iyán rí, ẹ máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ yẹn.

Nínú oṣù Kẹrin, ìgbìmọ̀ pàdé ní pálọ̀ rẹ̀ ní Ellenwood. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ iṣẹ́ náà nínú wọn: Ṣìkẹ́mi, nọ́ọ̀sì tó ti fi ọdún mọ́kànlá bójú tó àkọsílẹ̀ aláìsàn lórí kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn ńlá kan láàárín ìgboro. Láti Grayson ló ti wa mọ́tò wá, lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀. Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣàn Alága, ojú ìwé àkọ́kọ́ sì yọ.

“Ṣìkẹ́mi, dúró ná,” ni Alága wí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. “Kí ni mò ń wò yìí?”

“Registration screen ni, sir. Orúkọ ìdílé, orúkọ àbísọ, date of birth, àdírẹ́sì.”

“Orúkọ àbísọ ta ni?”

“Ti patient, sir.”

“Bí patient bá jẹ́ ìyá mi ńkọ́?”

Ṣìkẹ́mi kò tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. “Orúkọ Màmá náà la máa kọ síbẹ̀, sir.”

Alága dìde. Bí Alága bá ti dìde, gbogbo ènìyàn ní láti dìde. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn láti ọdún kẹta ìjọba rẹ̀. Alàgbà Ọbáfẹ́mi, tó ń jẹ gúgúrú, dìde tòun ti abọ́.

“Ẹ̀yin ọmọ Ìgbórò nílé lóko!” ni Alága wí, bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ méje ni wọ́n. “A kúrò nílé, a dé Amẹ́ríkà, a ò gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Lónìí, wọ́n fẹ́ kí ọmọdébìnrin kan tó di nọ́ọ̀sì lánàá jókòó sídìí ẹ̀rọ, kó tẹ orúkọ ìyá Akíntóyè Oyèkànmí, lásán, ní gbangba, láìsí Màmá níwájú ẹ̀! Ṣé kọ̀ǹpútà máa ń kúnlẹ̀ ni? Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè, wọn ò ní dárúkọ àgbàlagbà kankan nínú ẹ̀rọ tí mo bá gbé wá!”

“Chairman! Wisdom!” Bridget pariwo. “Na God dey use you, sir. Kọ̀ǹpútà no dey kneel down! I don write am.”

“Sir, tí kò bá sí orúkọ, báwo la ṣe máa mọ ta ni ta ni?” Ṣìkẹ́mi béèrè.

“Ní Ìgbórò? Ìgbórò tí gbogbo wa mọ ara wa?”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Dókítà wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ yẹn, olùkọ́ yunifásítì wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n tọ́jú aláìsàn tí kò lórúkọ ní ibi iṣẹ́ wọn, wọn yóò pe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n pálọ̀ Chairman ni wọ́n wà, ẹran díndín sì ń ta sánsán láti ilé ìdáná.

Báyìí ni wọ́n ṣe yọ orúkọ àwọn àgbà kúrò nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n fi Màmá, Bàbá, Alhaja àti Ìyá Ìjọ dípò rẹ̀. Kí wọ́n má baà ṣojúsàájú, wọ́n yọ tàwọn ọmọdé náà. Wọ́n ní kí àwòrán Alága máa kọ́kọ́ yọ, tòun ti fìlà, kí nọ́ọ̀sì sì tẹ “Ẹ ṣeun, sir” kí ojú ìwé tó ṣí. Nígbà tí ẹran dé, Bridget dá a lábàá pé kò bójú mu kí ìyá ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá máa tò sórí ìlà, nítorí náà ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Màmá Chairman, iwájú pátápátá ni kí ẹ̀rọ máa gbé e sí. Alága ní rárá. Ó tún ní rárá. Ó wá gbà, nítorí ìfẹ́ tó ní sí ìjọba tiwa-n-tiwa.

Ó ku yàrá káàdì. Ní ilé ìwòsàn náà, bàbá kan tó ń jẹ́ Saubana ti ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn láti ọdún méjìlélógún, ó tò wọ́n sórí pákó ní orúkọ-orúkọ. Alága ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde, kí wọ́n dáná sun ún, kí yàrá náà sì di Gbọ̀ngàn Ìrántí Akíntóyè Oyèkànmí. Alàgbà Ọbáfẹ́mi béèrè pé ìrántí kẹ̀, ṣebí Chairman ṣì wà láàyè. Alága ní òun kò lè fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òun, wọn kò ní ṣe é dáadáa.

“Ẹ jọ̀ọ́, sir,” Ṣìkẹ́mi bẹ̀ ẹ́, “mo ti gba gbogbo ìyókù. Ẹ fi káàdì yẹn sílẹ̀ fún six months péré. Ibẹ̀ ni allergy àwọn èèyàn wà. Ẹni tí penicillin lè pa, inú káàdì yẹn nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí.”

“Ṣìkẹ́mi! O dé Amẹ́ríkà, o ṣì ń sọ̀rọ̀ bébà!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Inú bí Ṣìkẹ́mi débi pé omi lé sí i lójú. Kí ó tó fi mọ́tò sí jíà níwájú ilé Alága, ó pe Saubana, ó ní kí bàbá náà má jó nǹkan kan. Saubana ní kí ó fọkàn balẹ̀, òun kò tíì ya wèrè. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kó gbogbo káàdì lọ sí pálọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó dáná sun páálí òfìfo, ó ya fọ́tò èéfín, ó fi ránṣẹ́ sí Alága. Alága fi fọ́tò náà sórí WhatsApp ẹgbẹ́, ó kọ “Ìlọsíwájú” sábẹ́ rẹ̀.

Oṣù méjì ni wọ́n fi dán ẹ̀rọ náà wò. Ìròyìn ń wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, Alága sì ń ka ìròyìn náà jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìfilọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Màmá Chairman kan ló wà nínú ẹ̀rọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n di mẹ́sàn-án. Àwọn ará Ìgbórò kò gọ̀. Wọ́n ti rí i pé ẹni tó bá jẹ́ Ìyá Lágbájá yóò jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá sì jẹ́ Màmá Chairman yóò rí dókítà kí ó tó mí. Nígbà tí oṣù Kẹfà fi máa parí, Màmá Chairman ti di igba ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Saubana fi ojú ara rẹ̀ rí awakọ̀ tírélà kan, onírùngbọ̀n, tó dúró lójú fèrèsé, tó ní òun ni Màmá Chairman, pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Ṣìkẹ́mi pe Alága. “Sir, wọ́n ní ìyá yín ti lé ní igba o.”

“Mo mọ̀,” ni Alága wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ fún ìdùnnú. “Ìfẹ́ ni, Ṣìkẹ́mi. Ìlú ti gbà mí lọ́mọ.”

Nínú gbogbo àwọn Màmá Chairman wọ̀nyí, ẹyọ kan ni kò tíì rí dókítà, ìyá tó bí i gan-an. Ìṣó ló gún ìyá náà lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì wú. Ó lọ ní ọjọ́ Ajé. Nọ́ọ̀sì tó wà lójú fèrèsé gba ìwé kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà káàdì àtijọ́ sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á ya pé kò wúlò mọ́, ó wá ní kí ó jókòó, Màmá Chairman mọ́kànlá wà níwájú rẹ̀. Ó lọ ní Ọjọ́rú, wọ́n jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ó lọ ní Ẹtì, awakọ̀ tírélà ló jókòó sórí àga. Ìyá ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin kì í báni fa àga. Ó yí padà, ó tiro lọ sílé. Kò pe ọmọ rẹ̀. Bí a bá pe ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan la máa gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé náà pé. Ní aago mọ́kànlá àárọ̀, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Jonesboro kún dẹ́nu. Wọ́n ta aṣọ funfun ńlá mọ́ ògiri, wọ́n sì fi ẹ̀rọ gbé ilé ìwòsàn Ìgbórò sórí rẹ̀, níbi tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù. Gbogbo ènìyàn rí Dókítà Rachael nínú aṣọ funfun, wọ́n rí Tẹ́ní, nọ́ọ̀sì tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n rí Saubana lẹ́bàá ògiri. Láàárín wọn ni Màmá jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ kan sórí àpótí. Alága ló ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá, òun ni wọn yóò fi ṣí ẹ̀rọ.

Alága sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú.

“Àwọn kan ṣe iná mànàmáná,” ni ó wí, “àwọn kan lọ sínú òṣùpá. Èmi ò sọ pé mo jù wọ́n lọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́.”

Ó dákẹ́, ó ń retí kí wọ́n sọ ọ́. Bridget sọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Alága gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tí ìyìn ti sú, ó sì tún gba ọ̀nà mìíràn wọnú ọ̀rọ̀. Lórí aṣọ funfun, Màmá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí, ó tún gbé e padà. Ṣìkẹ́mi tó jókòó nísàlẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ náà, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Àwọ̀ ẹsẹ̀ náà kò dára.

“Ó yá!” Alága na ọ̀pá oyè rẹ̀ sí aṣọ funfun. “Ẹ ṣí i!”

Tẹ́ní tẹ Màmá Chairman. Àwòrán Alága yọ, tòun ti fìlà. Tẹ́ní tẹ “Ẹ ṣeun, sir”. Ojú ìwé ṣí, Màmá Chairman sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀kan lóyún oṣù méje. Ọ̀kan jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlógún. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dákọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kan ti kú láti oṣù Karùn-ún, síbẹ̀ ó wà níwájú lórí ìlà.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Alága bojú wò ó, ẹ̀rín náà sì ràn mọ́ àwọn mìíràn.

“Chairman sir,” Dókítà Rachael wí, òun kò rẹ́rìn-ín rárá. “Ẹ má bínú, sir. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń ṣọyún, ibà sì ti mú wọn. Abẹ́rẹ́ penicillin ló wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ tí ara wọn bá kọ̀ ọ́, ó lè pa wọ́n níbí. Mo gbọ́dọ̀ rí record wọn kí n tó fún wọn. Èwo ni tiwọn nínú gbogbo eléyìí?”

Alága wo aṣọ funfun. Igba ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́ta ìyá ń wò ó padà.

Saubana kúrò lẹ́bàá ògiri. “Káàdì wà, sir. Mi ò jó o. Ó wà nílé mi lẹ́yìn ibí, ní orúkọ-orúkọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí, Ìyá Akin là ń pè wọ́n, ìwé nọ́ńbà wọn ni wọ́n sì ti fà ya. Oyèkànmí tó wà lọ́wọ́ mi pọ̀ ju ọgọ́ta lọ. Ẹ ṣáà dárúkọ wọn, kíá ni màá mú un dé.”

Dókítà Rachael bẹ̀rẹ̀ mọ́ Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́. “Màmá, kí lorúkọ yín, mà?”

Màmá mi orí. Ara rẹ̀ gbóná, ẹsẹ̀ ń ro ó, ọjọ́ mẹ́ta ló sì ti tiro wá lásán, ṣùgbọ́n ohun tó wà lójú rẹ̀ ju ìrora lọ.

“Èmi? Kí n dárúkọ? Ọmọ mi ti ṣòfin pé a ò gbọdọ̀ dárúkọ mi nínú ẹ̀rọ ẹ̀. Mi ò ní rú òfin o. Òun náà nìyẹn tó dúró sójú gbangba. Ẹ bi í.”

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí Alága.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàánú rẹ̀ díẹ̀. Màmá ló ti ń pè é láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bàbá rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Akin, àwọn aládùúgbò náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó pé ọgọ́rin ọdún, Mama Chairman ni wọ́n kọ sára kéèkì rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ti rí orúkọ náà rí nínú ìwé ìjọba kan tó ní kí a kọ orúkọ ìyá ẹni, ṣùgbọ́n Péjú, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń bá a kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, Péjú sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kò gbé fóònù. Òógùn bọ́ sójú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi. Ìyá rẹ̀ lè kú níwájú gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ òun tó ti sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Orúkọ obìnrin kan láti ilé bàbá rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn, ó sì gbá a mú.

“Comfort!” ni ó wí sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. “Màmá Comfort Oyèkànmí!”

Gbogbo ojú padà sórí aṣọ funfun.

“Comfort?” Màmá gbé ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. “Comfort! Ìyàwó kejì bàbá ẹ! Èyí tó tilẹ̀kùn mọ́ mi síta nígbà tí mo lóyún ẹ! Akíntóyè, Comfort lo pè mí?”

“Ṣé kí n mú ti Comfort wá ni?” Saubana béèrè.

“Tí o bá mú un wá, ìwọ ni mo máa fún ní abẹ́rẹ́ náà!” Màmá fa èémí, ó wá bojú wo ọ̀gangan ibi tí ẹ̀rọ wà. “Julianah lorúkọ mi. Julianah Ọmọ́ladùn Oyèkànmí. Ọmọ Morákinyọ̀ alágbẹ̀dẹ ni mí. Mo ti ń jẹ́ ẹ kí wọ́n tó bí Chairman kankan.”

Saubana ti sáré jáde. Ní Jonesboro, igba ènìyàn jókòó, wọ́n ń wo ẹ̀bá ògiri níbi tí bàbá náà ti kúrò. Ó padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, káàdì kan tó ti pọ́n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà Rachael ṣí i. Wọ́n ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sókè, wọ́n fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì: kí wọ́n má ṣe fún un ní penicillin láé. Dókítà gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó sì ní kí Tẹ́ní mú oògùn mìíràn wá. Ṣìkẹ́mi sunkún, kò fi pamọ́.

Bridget wo ètò ọjọ́ náà. Iṣẹ́ sì niṣẹ́. “Number six,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. “Motion say make Chairman be Life Chairman. Who dey move am?”

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ìgbà tó yá, Alàgbà Ọbáfẹ́mi dìde. “Mo dá a lábàá pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí fún Ṣìkẹ́mi, kí wọ́n dá orúkọ padà síbẹ̀, kí káàdì Bàbá Saubana padà sí yàrá ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ Chairman sì ti pé, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.”

“I second am!” Bridget ti pariwo kí Alàgbà tó jókòó. “Ṣìkẹ́mi! Wisdom! Na God dey use you, my dear.”

Alága sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó rìn láàárín àga, ó jáde sínú oòrùn, ó jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ láìtan án, ó sì pe ilé ìwòsàn Ìgbórò. Tẹ́ní ló gbé e.

“Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé Olóyè Ọ̀mọ̀wé Alàgbà Oyèkànmí ni.”

Ó gbọ́ bí Tẹ́ní ti ń rìn lọ, tó sì ń rìn bọ̀. “Màmá ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, sir.”

Ó yọ awò ojú rẹ̀. “Ẹ sọ fún wọn pé Akíntóyè ni.”

Ọmọbìnrin náà tún lọ. Èyí pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó hàn nínú ohùn rẹ̀ pé ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

“Ẹ má bínú, sir. Wọ́n ní Akíntóyè wo? Ṣé ọmọ Comfort ni àbí ọmọ Julianah?”

Alága gbórí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀. “Ọmọ Julianah,” ni ó wí.

“Ẹ dúró, sir. Wọ́n ń bọ̀.”